Òwìwí Olójú Mẹ́rin Ẹ̀yìnkùlé Wa

Òwìwí tó ń gbé inú igi irúgbá ẹ̀yìnkùlé wa tún ti ń súfèé láàárọ̀ yìí. Mo wà nídìí ààrò, mo ń fẹ́ iná, mo gbọ́ ọ, ara mi ò sì gbọ̀n. Ẹni tó bá wọ ilé wa lọ́dún tó kọjá kò ní gbà pé èmi kan náà nìyí. Nígbà náà, bí ẹyẹ yìí bá ti ké báyìí, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́, a ó máa wo ojú ara wa bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ka ìdájọ́ fún. Nísinsìnyí, mo kàn ń fẹ́ iná mi lọ ni. Ọkàn mi balẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe balẹ̀, torí kò balẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹyẹ náà kéré. Bí mo bá di ìkúùkù mi méjèèjì, tí mo fi ọ̀kan lé èkejì, ó tó o nìyẹn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀, funfun tó-tò-tó sì wà káàkiri ibẹ̀ bí ẹni da ìrẹsì sí i lára. Àwọn òwìwí yòókù máa ń dúró de òkùnkùn kí wọ́n tó jáde, èyí ò dúró de ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, ìgbà tó bá wù ú ló ń ké. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, fìì, fìì, fìì, á máa ga sí i, á máa le sí i, títí á fi dà bíi fèrè rẹfirí lórí pápá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà á dákẹ́ díẹ̀, á wá fa méjì tàbí mẹ́ta tó gùn, tó ń rẹlẹ̀ lọ. Ohùn yìí ló gba oorun lójú ọmọ mi títí ọ̀rọ̀ fi fẹ́ di ti iṣẹ́ abẹ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí, Ìbàdàn ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ tó ní bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan orúkọ. Nígbà tí òmíràn dé, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ní méjì ni, ọkọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ẹ̀rín àti ẹkún ni mo gbọ́ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ náà kì í jẹ́ kó gbélé, nítorí náà a jọ fẹnu kò pé kí ìyàwó rẹ̀ wá bímọ sọ́dọ̀ mi ní Igbó-Ọrà. Ta ló mọ̀ nípa ìbejì jù wá lọ? Ní ìlú wa yìí, bí obìnrin bá lóyún, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé méjì ni?" Bí o bá ní ọ̀kan ni, wọ́n á fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, wọ́n á ní má bọkàn jẹ́, Ọlọ́run á ṣe é nígbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi dé, tí mo mú un lọ sí ọsibítù wa, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aboyún wọn ìfúnpá rẹ̀, ó sì tún un wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nọ́ọ̀sì náà kò fi bò fún wa. Ó ní oògùn wà tí yóò máa lò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sùn dáadáa, kò sì gbọdọ̀ máa ronú. Bí ìfúnpá náà bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù àwọn ọmọ náà tó pé.

"Ẹ ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì," nọ́ọ̀sì sọ fún mi nígbà tí ọmọ mi jáde tán. "Wọ́n ṣì kéré jù."

Mo délé, mo tún yàrá ẹ̀yìn ṣe fún un, torí ibẹ̀ ló tutù jù. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi irúgbá tí ìyá ọkọ mi ti ń ká láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó tuntun, tí wọ́n fi ń ṣe irú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé, òjìji igi bo gbogbo ògiri. Mo ní, níbí yìí, ẹni tí kò fẹ́ sùn pàápàá á sùn.

Kò tíì ju ìwọ̀n ọjọ́ mélòó kan lọ tí ẹyẹ náà fi ké. À ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, oòrùn ti yọ dáadáa. Fìì, fìì, fìì. Ọmọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mọ́mì, kí nìyẹn?"

"Ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ wo?"

Kí n tó wá irọ́ tí mo máa pa, ọkọ mi, tó jẹ́ díákónì, tó máa ń ka Bíbélì fún wa láàárọ̀ àti ní alẹ́, ti na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, ó ní, "Orí ara ẹ lo ké mọ́ o!" Ó wá rántí ara rẹ̀, ó sọ pé, "Ní orúkọ Jésù." Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, ọmọ ti gbọ́.

Kò sí Yorùbá kan tí mo máa jókòó ṣàlàyé òwìwí fún. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé pé ẹyẹ àwọn ìyá ni, pé bó bá ké lẹ́bàá ilé, ẹnìkan ló wá mú. Èyí tó ń ké lóru pàápàá, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Èyí tó wá ń ké ní ojúmọmọ, tí kò tijú ẹnikẹ́ni ńkọ́? Èmi olùkọ́, èmi tó ń sọ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì pé kí wọ́n má gba ìsọkúsọ gbọ́, mo fi ìbínú bo ìbẹ̀rù tèmi mọ́lẹ̀, mo sì dojú rẹ̀ kọ ọmọ mi. Mo ní ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn? Mo ní ṣé òwìwí ló ń gbé oyún fún èèyàn ni? Mo sọ̀rọ̀ títí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mọ́mì, kí ti àkọ́kọ́ yẹn tó bàjẹ́," ó ní, "ọ̀kan ké lórí òrùlé wa ní Ìbàdàn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo kó abọ́ ẹ̀kọ, mo gba ilé ìdáná lọ, mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀.

Ó kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà gan-an, ó kó sí yàrá iwájú, ó ti gbogbo fèrèsé pa. Ooru ibẹ̀ lè se iṣu. Ọ̀kadà ń kọjá lójú títì, jẹnẹrétọ̀ ń dún, oorun ò sí, síbẹ̀ bí ẹyẹ náà bá ti ké lẹ́yìn, mo máa ń rí i tí ejìká rẹ̀ á fò sókè. Nígbà tí a padà sí ọsibítù, ìfúnpá náà kò wálẹ̀, díẹ̀ ló tún fi ga sí i. Nọ́ọ̀sì wo ojú mi, ó ní òun á dúró di ìgbà tí a bá tún padà wá. Bí kò bá wálẹ̀ nígbà náà, òun á kọ wá lọ sí Ìbàdàn.

Ọkọ mi ní òun ò ní fi ọmọ òun tọrẹ. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú Tápà nítòsí wa, tó jẹ́ ọdẹ, pé kó gbé ìbọn wá. Ọdẹ ní òun ń bọ̀, àmọ́ òun ò ní àkókò láti wá jókòó sábẹ́ igi. Kí wọ́n ti bá òun mọ ibi tí ẹyẹ náà ń bà àti ìgbà tó máa ń bà síbẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ ṣíṣọ́ òwìwí ṣe já lé mi léjìká, torí pé èmi ni ilé ẹ̀kọ́ mi wà nínú ọlidé.

Mo fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń ṣa ẹ̀gúsí, mo sì ń fi ojú burúkú wo òkè. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé akọ àti abo ni wọ́n. Ihò kan wà lára ẹ̀ka irúgbá tó ti gbẹ. Àkókó ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì fi í sílẹ̀ bá tirẹ̀ lọ. Inú ihò yẹn ni ọ̀kan nínú wọn ń gbé, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, mo sì mọ̀ pé ẹyin ló ń sàba lé. Èkejì ló ń ké kiri, òun náà ló sì ń wá oúnjẹ. Bó bá fẹ́ fò láti igi kan dé òmíràn, á já bọ́ bí òkò, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, á tún ta fìrì gòkè sórí ẹ̀ka kejì. Ó ń mú tata, ó ń mú ìrẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú ọmọ alángbá, ó gbé e dé ẹnu ihò, ó súfèé jẹ́jẹ́, ẹnu kan yọ láti inú ihò, ó gbà á. Mo pariwo pe ọkọ mi pé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ. Ó ní òun ti ra ẹja lánàá.

Àwọn ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ kò gba tirẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á pe ara wọn jọ, wọ́n á pé lé e lórí, wọ́n á máa pariwo mọ́ ọn, wọ́n á máa ṣe bí ẹni fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́. Òun á kàn jókòó, á máa ju ìrù sọ́tùn-ún sósì, á máa gbé orí sókè sódò, bí olùkọ́ tó wọ kíláàsì tó ń pariwo, tó ń wá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìṣe náà dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀. Ohun kan yà mí lẹ́nu: wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀yìn kọ lù ú. Bí wọ́n bá yí dé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á tún yẹra. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Kí n sọ òótọ́, nígbà tí ọjọ́ ọdẹ ń súnmọ́, inú mi ò dùn sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òwìwí àti ọmọ mi ni, kò sí ohun tí mo fẹ́ rò níbẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí ọdẹ wá láàárọ̀, pé ìgbà yẹn ló máa ń bà sísàlẹ̀ jù.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi dé láti Igangan tí wọ́n ń gbé báyìí, pẹ̀lú iṣu àti ẹ̀wà nínú àpò, àti orúnkún kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Wọ́n ní àwọn ò ní gbọ́ ìbí àwọn ọmọ-ọmọ ọmọ àwọn lórí fóònù. Ìyá kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn náà ni wọ́n ń sìn títí dòní, a kì í sì í bá ara wa jà lórí rẹ̀. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí ọ̀kadà nígbà tí ẹyẹ náà fọn fèrè rẹ̀.

"Orí ara ẹ! Orí ara ẹ lo ké mọ́!" Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n fi orúnkún dídùn yẹn sáré wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹni tí mo ti ń fà lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn ni wọ́n. "Ìyàwó, ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ ni? Kín lẹ ń dúró dè?"

Mi ò tíì rí ẹni tó bẹ̀rù òwìwí tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wọ yàrá iwájú bá ọmọ mi, wọ́n tún wo àwọn fèrèsé bóyá wọ́n tì dáadáa. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, Olúwa, ẹni tí mo rò pé ó wá ràn mí lọ́wọ́ nìyí, ó ti di méjì tí mo ń rẹ̀ lẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ti mọ́, ọdẹ ti pè pé òun ti kúrò ní Tápà. Ìyá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló wà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi orín sẹ́nu, wọ́n jáde. Kò pẹ́ la gbọ́ igbe.

"Ẹ wá o! Ẹ wá wò ó o! Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Èmi àti ọkọ mi sáré jáde. Ọmọ mi, pẹ̀lú ikùn gbàǹgbà yẹn, sáré gba yàrá ẹ̀yìn tó ti kọ̀ sílẹ̀, ó sì yọjú lójú fèrèsé. Òwìwí náà wà lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó sì ń wò wá. Ní ìpàkọ́ rẹ̀, ojú méjì dúdú, ńláńlá, tí funfun yí ká, ranjú mọ́ wa. Èmi tó ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ yìí, mi ò rí èyí rí, torí orí àga mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná jìnnà sí i. Bí a ti ń wò ó, ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀ láìyí ara, ojú méjì mìíràn, pípọ́n bí ọsàn, sì tún ń wò wá láti ibẹ̀.

"Ojú mẹ́rin!" Ìyá ti sọ orín nù. "Ojú méjì níwájú, méjì lẹ́yìn! Ìbejì ni! Ìbejì tó wà nínú ara kan ni!"

Ọkọ mi ní, "Ìyá, òwìwí ni."

"Mo mọ̀ pé òwìwí ni, ṣé mo fọ́jú ni? Òwìwí tó jẹ́ ìbejì ni. Ó gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń bọ̀ nílé yìí, òun ló wá ń pè wọ́n. Ẹ̀yin ẹ sì gbé ìbọn sí i! Níbo? Ní Igbó-Ọrà! Ta ló ń yìnbọn fún ìbejì ní Igbó-Ọrà?"

Ọkọ mi wo igi, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Díákónì kò ní òun gbà, kò sì ní òun ò gbà. Ó kàn fa fóònù yọ, ó pe ọdẹ pé kó padà.

Ní ilé wa, kò sẹ́ni tí kò mọ oúnjẹ ìbejì. Ẹ̀wà ni. Kí oòrùn tó le, Ìyá ti gbé ẹ̀wà tí wọ́n kó wá láti Igangan kaná, wọ́n sè é rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n da epo sí i. Mo fún wọn ní àwo kan, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní méjì, ọgbọọgba, kí ojú iwájú má baà jẹun kí ojú ẹ̀yìn máa wò ó. Wọ́n gbé àwo méjèèjì lọ sábẹ́ igi fúnra wọn, wọn ò jẹ́ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀, ẹnu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n wá ń fẹ̀yìn rìn padà títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé orúnkún ni kò jẹ́ kí wọ́n lè yíra padà.

Báyìí ló di ohun tí wọ́n ń ṣe ní àràárọ̀. Òwìwí kì í jẹ ẹ̀wà, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Adìẹ wa ló ń jẹ ẹ́, wọ́n sì sanra lọ́dún náà. Èyí tí adìẹ bá ta sílẹ̀, èkúté ń jáde wá ṣà á nírọ̀lẹ́, òwìwí sì ń jókòó sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó ń dúró de èkúté. Mo fi ojú mi rí i níbi tó ti já lé ọ̀kan, tó gbé e wọ ihò lọ fún ìyàwó. Nígbà tí Ìyá bá bá àwo lófìfo láàárọ̀, wọ́n á gbé e sókè hàn wá.

"Ẹ ẹ̀ rí i? Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Epo àná ni wọ́n ń fẹ́."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ọmọ mi ló wà lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí oyún àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó ní kí n bá òun gbé bẹ́ẹ̀dì òun padà sí ẹ̀yìn. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó sì sùn. Ẹyẹ náà fọn fèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ọmọ mi kò mira. Mo jókòó ti ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná, ó jóná.

Ṣùgbọ́n ojú méjì ẹ̀yìn yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan tí ẹyẹ náà bà sísàlẹ̀, mo yọ́ lọ, mo fi fóònù yà á láti ẹ̀yìn, mo sì fẹ àwòrán náà tóbi. Kì í ṣe ojú. Ìyẹ́ dúdú méjì ni, tí ìyẹ́ funfun yí ká, Ọlọ́run sì tò ó síbẹ̀ kí àwọn ẹ̀gà lè rò pé ó ń wo àwọn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀yìn kọ lù ú. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ìdáhùn ìṣirò, mo yíra padà láti lọ pariwo rẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá ọmọ mi àti Ìyá tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ọjọ́ kejì, tí wọ́n jọ ń jiyàn bóyá òwìwí fẹ́ràn àlùbọ́sà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo sì fi fóònù sápò. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo wá ń bẹ̀rù kì í ṣe ẹyẹ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ mi má lọ rí ìpàkọ́ rẹ̀ nítòsí.

Nígbà tí a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá, ó tún un wọ̀n ní ọwọ́ kejì, ó wò mí. Ó ti wálẹ̀. "Mọ́mì, kí lẹ fún un?" ó bèèrè. Mi ò lè sọ pé ẹ̀wà òwìwí ni. Mo ní, "Oorun." Lórí ọ̀kadà tó gbé wa padà, mo kọrin láti ọsibítù títí dé ilé, ọlọ́kadà sì bá mi gbè é.

Kò sí iṣẹ́ abẹ. Oṣù wọn pé, ní Igbó-Ọrà níbí ni ọmọ mi ti bí wọn, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n sì ké dáadáa. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé wọn lé mi lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n gbé àga sábẹ́ mi. Mo rò pé mo ti mọ ohun tí à ń pè ní ìtura tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a gbé wọn délé, àwọn ọmọ òwìwí náà ti ń yọjú lẹ́nu ihò, wọ́n rí játijàti, orí wọn ń yí kiri. Ìyá jókòó láti kà wọ́n. Mẹ́ta ni. Ojú tì mí fún wọn, mo ń ronú ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n kàn fi ọwọ́ lu itan, wọ́n ní, "Ẹ̀ta òkò! Ìyàwó, gbé àwo kan sí i."

Nígbà tí àwọn ọmọ ti lágbára díẹ̀, ọkọ ọmọ mi wá láti kó wọn lọ sí Ìbàdàn. Bí wọ́n ti ń di ẹrù sí mọ́tò, ọmọ mi ní kí n wá wo àwọn fọ́tò tí òun yà nílé wa, kí òun fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ń tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: ìbejì, ìbejì, bàbá rẹ̀ tó ń sùn pẹ̀lú ìbejì. Ọ̀kan dé. Ìpàkọ́ òwìwí ni, wọ́n fẹ̀ ẹ́ tóbi, ìyẹ́ rẹ̀ hàn kedere.

"Ìgbà wo lo ya èyí?"

"Ọjọ́ tí Màmá Àgbà pariwo yẹn náà ni. Láti ojú fèrèsé." Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìyẹ́ ni. Mo ti mọ̀ látọjọ́ yẹn."

"O mọ̀? Kí ló wá jẹ́ kí o sùn?"

Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wà lábẹ́ igi, wọ́n ń gbé àwo kalẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ wọn," ó ní.

Mo wò ó. Àwo ń gbọ̀n lọ́wọ́ Ìyá, ẹ̀wà ń dà sílẹ̀. Ẹyẹ náà súfèé, ejìká Ìyá fò sókè gẹ́lẹ́ bí ti ọmọ mi ṣe máa ń fò. Ẹnu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo máa ń gbọ́ wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì mi," ọmọ mi ní. "Orí ara ẹ, orí ara ẹ, orí ara ẹ. Wọ́n á wá fẹ̀yìn rìn padà kí ẹyẹ náà má baà gba ẹ̀yìn yọ sí wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ò kúrò lára wọn rí, Mọ́mì. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, ní àràárọ̀ ni wọ́n sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un torí tèmi. Mo wá ní kí lèmi tún fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Mo dì í mọ́ra, ọkọ rẹ̀ sì ń fọn fèrè mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ilé dákẹ́. Ìyá ní àwọn ò tíì ní padà sí Igangan, ta ni yóò máa bọ́ àwọn ẹyẹ? Lọ́jọ́ kejì, mo tètè jí, mo se ẹ̀wà náà kí wọ́n tó jáde, mo bù ú sínú àwo. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jókòó, Ìyá," mo ní. "Èmi á gbé e lọ. Torí orúnkún yín."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì fi ara balẹ̀ jókòó sórí àga mi.